Ìbínú Kì Í Jẹ́ Kí Tàmálè Jinná

Ohun márùn-ún ló ti bàjẹ́ kí agogo ìsìn ọ̀sán tó dún ní ọjọ́ Àìkú náà. Ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n kọ́kọ́ rà kò dì mọ́ra; ńṣe ló ń ya lulẹ̀ bí iyanrìn etí odò. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti ọjà ní ápù àti àlùbọ́sà díndín nínú, nítorí pé búrẹ́dì ni àwọn ará Zwickau ní Jámánì máa ń fi irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ pa. Ata gbígbẹ tí wọ́n rí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Tọ́kì pupa lójú, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tọ́ ọ wò, ṣúgà ni. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú firísà ń fàya bí ìwé ìròyìn tí òjò pa. Èyí tó ṣe ìkarùn-ún kì í ṣe ohun ọjà rárá: ọkùnrin tó ṣèlérí lójú gbogbo ènìyàn pé òun yóò fún wọn ní tàmálè, àgbàdo pípò tí à ń fi ewé wé sè bí ọ̀lẹ̀lẹ̀, jókòó sí pálọ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ulises ni orúkọ ọkùnrin náà. Amparo, ìyàwó rẹ̀, ló dúró nídìí tábìlì ilé ìdáná, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú àgbàdo lílọ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, tí kò sì mọ èwo nínú márùn-ún náà ni kí òun kọ́kọ́ bá wí. Láti ọjọ́ Ẹtì ni kò ti fìdí jókòó dáadáa. Àárẹ̀ náà ti kúrò ní ti ẹsẹ̀, ó ti gun ẹ̀yìn, ó sì ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́; bí ó bá pa ẹnu dé, eyín á máa ro ó.

Kò sí ẹni tó fi ipá gbé ẹrù náà lé wọn lórí. Àṣà ni. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní, ọjọ́ Àwọn Ọba Mẹ́ta, gbogbo àwọn ará Puebla ní Mẹ́síkò tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kó wá sí Jámánì péjọ sí ilé Ẹnjiníà Baltazar láti gé búrẹ́dì olóbìírí. Ọmọláńgidi kékeré kan máa ń wà nínú búrẹ́dì náà, ẹni tó bá sì bá a nínú ègé tirẹ̀ ni yóò se tàmálè fún gbogbo wọn ní ọjọ́ kejì oṣù kejì, tí í ṣe Ọjọ́ Àbẹ́là. Ní Mẹ́síkò, níbi tí àgbàdo ti wà lẹ́yìnkùlé, ẹrù yìí kò wúwo. Síbẹ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n kan máa ń fi ọmọláńgidi pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọn á máa jẹun lọ bí ẹni pé eyín ló ń dùn wọ́n. Ní Zwickau, níbi tí ènìyàn yóò ti wá àgbàdo bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù, ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n kúkú gbé ọmọláńgidi náà mì.

Ulises kò gbé tirẹ̀ mì. Ó nà án sókè bí ife-ẹ̀yẹ. "Ilé wa ni o! Ilé wa ni ẹ ó ti jẹ tàmálè, ẹ má wulẹ̀ jẹun kúrò nílé!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Baltazar, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, gbá a lẹ́yìn gbì. Kò sí ẹni tó wo ojú Amparo. Ulises gan-an kò wò ó. Láàrin àwọn ènìyàn tí à ń wí yìí, ọkùnrin ló ń bá ọmọláńgidi, obìnrin ló ń po àgbàdo, bí ènìyàn bá sì béèrè ẹni tó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, wọn á ní àṣà ni. Àṣà kò lápá. A kò rí ọjọ́ tí àṣà po nǹkan kan rí.

Nígbà tí wọ́n ń darí sílé, Ulises fi apá gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra nínú yìnyín. "Má fòyà jàre. Èmi ni n ó po ó. Tìrẹ kò ju kí o máa júwe fún mi."

Amparo gbà á gbọ́. Ó fẹ́ gbà á gbọ́, nítorí pé ohun tó wà níwájú òun fúnra rẹ̀ ní oṣù kejì náà ju tàmálè lọ. Omi ni iṣẹ́ rẹ̀ ní Puebla. Òun ló ń yẹ omi ẹ̀rọ ìlú wò ní yàrá ìwádìí, tó ń fọwọ́ sí i pé omi yìí ṣeé mu, tọ̀hún kò ṣeé mu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì múlẹ̀. Láti ìgbà tó ti tẹ̀lé ọkọ dé Zwickau, abọ́ ló ń fi omi ìlú náà fọ̀. Ilé-iṣẹ́ omi ibẹ̀ ti wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀, wọ́n ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sì ti fi àyè iṣẹ́ kan sílẹ̀ dè é, lórí ohun kan ṣoṣo: kí ó yege nínú ìdánwò èdè Jámánì kí oṣù kejì tó parí. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó sì fìdí rẹmi níbi ọ̀rọ̀ sísọ. Àǹfààní tó kù ni ti àárọ̀ ọjọ́ Ajé ní Leipzig, ọjọ́ kejì Ọjọ́ Àbẹ́là gan-an. Bí ó bá pàdánù èyí, àyè náà di ti ẹlòmíràn, Ulises yóò sì tún fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ọdún mẹ́ta mìíràn, Amparo yóò sì máa fọ abọ́ lọ.

Kò sí ẹni tó mọ̀ yàtọ̀ sí Ulises àti Rocío, ìyàwó Baltazar, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Amparo. Ulises ló ní kí wọ́n pa á mọ́. "Ẹni tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan kì í lu agogo," ni ó wí. "Jẹ́ kó yọrí ná. Àbí o fẹ́ kí Baltazar máa fi mí rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ pé ìyàwó mi ò gbọ́ èdè?" Ìyá Ulises, Màmá Hortensia, tó wá lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wọn láti Cholula, rò pé àwọn ìwé tí Amparo ń kà ní àárọ̀ jẹ́ ìwé ìtàn ìfẹ́.

Bí oṣù kìíní ṣe ń lọ, ìwé àti àgbàdo ń jìjàdù lórí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ra ìyẹ̀fun àgbàdo ní ilé ìtajà ńlá, ó pò ó, ó wé e, ó sè é láti fi dán an wò. Nígbà tó tú u, ó fọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́búlẹ́bú. Ó yẹ kí ó ti mọ̀. Àgbàdo tí a kò fi ẹfun sè kí a tó lọ̀ ọ́ kì í di tàmálè láéláé. Ìyẹ̀fun ọjà yẹn kò rí ẹfun rí láyé rẹ̀. Àwọn ará ilé nìkan ló ń ṣe irú àṣìṣe yìí, àwọn tó jẹ́ pé láti kékeré ni wọ́n ti ń bá àgbàdo tí ẹlòmíràn ti bá wọn fi ẹfun sè, tí wọ́n wá rò pé bẹ́ẹ̀ ni àgbàdo ṣe rí láti ọ̀run.

Ẹfun kò fún un ní wàhálà. Ẹni tó ti fi ìdajì ayé rẹ̀ yẹ omi wò mọ ibi tí a ti ń ra ẹfun tó mọ́, tí kì í pa ènìyàn. Àgbàdo odidi ló wọ́n bí ojú. Ìgbà tó yá ló rántí Bàbá Lindner, àgbàlagbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn, tó ń sin ẹyẹlé sí òkè àjà. Ó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì fi èdè Jámánì tọrọ.

Bàbá Lindner fi ojú wò ó lókè nílẹ̀. "Ṣé ìwọ náà fẹ́ máa sin ẹyẹlé ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ènìyàn ni mo fẹ́ bọ́."

"Áà. Àwọn ìyẹn ló le jù," ni bàbá náà wí, ó sì wọn àgbàdo kún àpò fún un. Nígbà tó yá, ní ọjọ́ Ẹtì, ó tún yá a ní ẹ̀rọ ìlọran àtijọ́ kan tí a ń fi ọwọ́ yí, nítorí pé ẹ̀rọ ìlọta Amparo ti jóná sórí àgbàdo náà, ó ṣe fìì, ó rú èéfín, ó sì dákẹ́. Amparo gbé ẹrù náà gòkè pẹ̀lú ayọ̀ díẹ̀. Ó ti bá ará Jámánì sọ̀rọ̀ tẹ̀rù-tẹ̀rù, bàbá náà sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni ó rán Ulises: ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, funfun, láìlábùlà. Ulises mú ti ápù àti àlùbọ́sà bọ̀. Nígbà tí Amparo fi ara ike náà hàn án, níbi tí wọ́n ti ya ápù pupa kan gàdàgbà, ó ní, "Mo rò pé òdòdó ni." Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ilẹ̀ ti ṣú. Ọjọ́ kejì sì jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù Jámánì máa ń ti ilẹ̀kùn bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Amparo fi omi gbígbóná yọ́ ọ̀rá náà, ó sẹ́ ápù kúrò, ó sẹ́ àlùbọ́sà kúrò, ṣùgbọ́n òórùn wọn jókòó síbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìyẹn, tí Amparo ń po àgbàdo, tí tẹlifíṣọ̀n sì ń hó yèè ní pálọ̀.

Màmá Hortensia wọlé pẹ̀lú ribọ́n pupa lọ́wọ́. Ó so ìkan mọ́ etí ọ̀tún ìkòkò ńlá, ó so ìkan mọ́ etí òsì, ó wá fi ọwọ́ gbá ìbàdí mú.

"Ta ló ń bínú nínú ilé yìí? Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n kí iná tó ràn."

"Kò sẹ́ni tó ń bínú, Màmá."

"Ojú rẹ ń sọ nǹkan mìíràn, ọmọ mi."

"Ó rẹ̀ mí ni, Màmá."

"Àárẹ̀ àti ìbínú, inú yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn. Àgbàdo ò mọ ìyàtọ̀ wọn. Ìyá mi lé àbúrò rẹ̀ jáde nílé lọ́jọ́ kan nítorí tàmálè. Ìkòkò wà lórí iná láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tútù ló wà. Bí obìnrin yẹn ṣe fẹsẹ̀ kan ìta báyìí, ó jinná! Rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Amparo rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ìyẹn ò tíì tó."

Ó fi kún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, láti Puebla títí dé ibikíbi tí ará Puebla bá gbé ìkòkò kaná: tàmálè kì í jinná nínú ilé tí ẹnikẹ́ni bá ti ń bínú. Màmá Hortensia gbà á gbọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lójú yóò ti rí i pé kò sí ẹni tó ń lọ sí pálọ̀ láti lọ wádìí inú àwọn ọkùnrin. Ilé ìdáná nìkan ni wọ́n ti ń wá ìbínú, bẹ́ẹ̀ ilé ìdáná nìkan ni ìdí ìbínú wà. Ìgbàgbọ́ tó bá ní kí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ máa rẹ́rìn-ín, kí oúnjẹ àwọn tó rẹ́ ẹ jẹ lè jinná, ta ló ń ṣe ní oore?

Rocío dé ṣáájú àwọn àlejò yòókù, ó bọ́ ẹ̀wù òtútù, ó ká apá aṣọ sókè. Ó yọjú wo pálọ̀, ó sì padà sí ilé ìdáná.

"Amparo, ṣebí ọkọ rẹ ló ní òun máa po ó?"

"Òun náà ni."

"Mo rí i. Rìmóòtù ló fi ń po ó."

Amparo rẹ́rìn-ín, èyí tó ti inú wá. Màmá Hortensia ní, "Ẹ̀ẹ́n! Irú ẹ̀rín yẹn gan-an ni!"

"Ulises!" Amparo pè. "Wá gba èyí lọ́wọ́ mi, apá mi ti kú."

"Mò ń bọ̀! Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún!"

"Ìṣẹ́jú márùn-ún bọ́ọ̀lù," ni Rocío wí, "ó gùn ju ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ lọ."

Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ sinmi, Ulises wọlé lóòótọ́. Ó ti ọwọ́ bọ inú àgbàdo náà, ó ní, "Ó tutù o!", ó sì gbé fóònù fún Rocío pé kó ya òun ní fọ́tò. Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn ará Puebla tó wà ní Zwickau: *Ọkùnrin ń bẹ nílé ìdáná!* Lẹ́yìn náà ó ṣan ọwọ́. Ó ṣan án dáadáa, ó fi ọṣẹ sí i, ó fi aṣọ ìnuwọ́ mímọ́ nù ún. Fóònù Amparo, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí àwọn ènìyàn ṣe ń yin ọkọ rẹ̀.

"Ṣé o rí i," ni Ulises wí bó ṣe ń jáde, "a ti ń parí ẹ."

Amparo bu àgbàdo pípò tín-ín-rín, ó jù ú sínú ife omi. Bí ó bá léfòó, ó ti tó wé. Bí ó bá rì, ó kù. Ó rì. Ó gbé apá padà sínú ọpọ́n. Rocío gba apá kan pò, òun náà gba apá kan, wọ́n sì ń pò ó lọ.

"Sọ nǹkan ní èdè Jámánì fún mi," Rocío sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ìyá ọkọ má baà gbọ́. "Wọ́n á bi ọ́ pé kí lo ń ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀."

Amparo ronú. Ó wá ọ̀rọ̀ fún pípo, kò rí i. Ó wá ọ̀rọ̀ fún àárẹ̀, ìyẹn wá kíá, lọ́nà oríṣiríṣi. "Mo máa ń sinmi," ni ó fi èdè Jámánì wí níkẹyìn. "Mo máa ń sinmi pẹ̀lú ẹbí mi."

"O yege," ni Rocío wí.

Nígbà tí èyí tí wọ́n jù sómi léfòó, wọ́n wé e. Ó yẹ kó jẹ́ háhá àgbàdo, ṣùgbọ́n kò sí háhá ní gbogbo ìlú náà. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n rà lọ́wọ́ Ìyá Hanh, ará Vietnam tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, ni wọ́n ń lò, èyí tó bá ya, wọ́n á fi òmíràn lẹ̀ ẹ́. Wọ́n tò wọ́n sínú ìkòkò ní òòró, ìpele lórí ìpele. Amparo da omi sí ìsàlẹ̀, ó sì ju owó ẹyọ kan sínú omi náà kí ó tó gbé e kaná. Bí omi bá ń hó, owó ẹyọ á máa jó lábẹ́, á máa dún kérékéré. Bí omi bá tán, á dákẹ́. Gbogbo ìyá Mẹ́síkò ló mọ ohùn yẹn ju ohùn ọmọ tó ń sunkún lọ.

Ó lọ sí pálọ̀, ó sì dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n gan-an.

"Ulises, ohun kan ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. Mo fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kí n sì yẹ ìwé mi wò. Máa gbọ́ owó ẹyọ inú ìkòkò. Bí o bá ti gbọ́ pé ó dákẹ́, da omi gbígbóná sí i. Omi wà nínú kẹ́tùlù."

"Mo ti gbọ́."

"Kí ni mo sọ?"

"Owó ẹyọ, omi, kẹ́tùlù. Ẹnjiníà ni mí, Amparo. Ẹ̀rọ tó ń to ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni mò ń darí, ìkòkò ló máa wá le jù fún mi?"

Màmá Hortensia ti mú Rocío lọ wo aṣọ tí ó ń hun. Amparo wọ yàrá, ó dùbúlẹ̀ tòun ti aṣọ ìdáná rẹ̀, ó ṣí ìwé lé àyà. Ó gbọ́ tí agogo ẹnu ọ̀nà dún, ó gbọ́ ohùn Baltazar, ó gbọ́ tí wọ́n ń ṣí ọtí, tí wọ́n ń kọ orin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Puebla. Ó ń ka gbólóhùn kan ṣoṣo ní àkàtúnkà: *Sọ èrò rẹ nípa bí tọkọtaya ṣe ń pín iṣẹ́ ilé.* Gbólóhùn ìdánwò ni lóòótọ́. Níbi tó ti ń wá èrò rẹ̀ ni oorun ti gbé e lọ.

Òórùn ló jí i, òórùn ewé tó ń jóná pẹ̀lú ápù.

Ó sáré dé ilé ìdáná. Ìkòkò dákẹ́ lọ gbári. Ó ṣí ìdérí rẹ̀: àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti di èédú, ewé wọn lẹ̀ mọ́ irin, ìkòkò kò ní ooru tó pọ̀ tó láti gòkè, nítorí náà àwọn tó wà lókè tutù, wọ́n rọ̀ bí àkàmù tó fẹ́ dì. Omi kẹ́tùlù kún títí dé ẹnu, ó sì ti di tútù.

Àwọn ènìyàn ti wọlé tẹ̀lé òórùn náà. Ulises wà níwájú wọn, ìgò ọtí lọ́wọ́.

"Mò ń gbọ́ ọ o," ni ó wí. "Mò ń gbọ́ ọ títí. Àfi ìgbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n yẹn…"

Màmá Hortensia tú ọ̀kan láti òkè, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó sì mi orí bí ẹni tí wọ́n fi òótọ́ rẹ̀ hàn. "Mo sọ ọ́. Ẹ gbọ́ mi níbí láti ọ̀sán, àbí ẹ ò gbọ́? Mo béèrè ẹni tó ń bínú. Ọmọ yìí ò yọ́nú sí wọn."

"Màmá, omi ló tán," ni Amparo wí.

"Omi lè tán nínú ìkòkò ẹni tí inú rẹ̀ dùn, tàmálè rẹ̀ á ṣì jinná."

Baltazar rẹ́rìn-ín tìdùnnú-tìdùnnú. Kò fẹ́ kí ọjọ́ náà bàjẹ́. "Ẹ̀yin ará, ṣebí ẹ mọ oògùn rẹ̀! Ẹni tó bínú ni yóò jó fún ìkòkò! Ẹ da omi sí i, ẹ tún un gbé kaná, kí Amparo jó!"

"Baltazar, fi í sílẹ̀," ni Rocío wí.

"Eré ni, ìyàwó! Àṣà ni! Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Wọ́n tú ribọ́n pupa kan kúrò létí ìkòkò, wọ́n fi sí Amparo lọ́wọ́. Ulises náà ń pàtẹ́wọ́, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́: jó fún wọn, jẹ́ kó kọjá. Ara Amparo kò gba ìjà. Jíjó díẹ̀ rọrùn ju sísọ̀rọ̀ lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé ti òsì, ó ju ribọ́n lẹ́ẹ̀mejì níwájú ìkòkò tó jóná, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe máa ń jó fún ọmọ tó ń ṣàìsàn. Wọ́n hó. Wọ́n ní kí ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín. Lára gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, apá rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ àti àkókò ìwé rẹ̀, ìbínú rẹ̀ nìkan ló kù tó jẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì ti wá gba ìyẹn náà, kí àwọn lè rí oúnjẹ jẹ.

Tàmálè náà kò jinná. Ẹni tó bá mọ omi mọ̀ pé kò lè jinná mọ́. Ó ti mu omi ní ìdajì ọ̀nà, ó ti sọ ara rẹ̀ di lẹ̀ẹ́. Wọ́n dúró dè é títí tí kò fi sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ mọ́. Rocío gé búrẹ́dì, ó bẹ sọ́sééjì, wọ́n sì jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó wá kí olókùú.

"Ọjọ́ Àbẹ́là láìsí tàmálè," ni Màmá Hortensia wí. "Ojú mi ò rí irú rẹ̀ rí."

Baltazar nu ẹnu. "Ulises, gbèsè ni o. Ọmọláńgidi kì í dárí jini."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ulises rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Ojú ń tì í, gbogbo wọn sì rí i. Kò sì sí ohun tí ọkùnrin yẹn kò lè fi tọrẹ láti lè bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú níwájú ọ̀gá rẹ̀, pàápàá jù lọ bí ohun náà kò bá jẹ́ tirẹ̀.

Ó dìde, ó gbé ìgò sókè bó ṣe gbé ọmọláńgidi sókè lọ́jọ́ Àwọn Ọba Mẹ́ta.

"Lọ́la!" ni ó kígbe. "Ẹ padà wá lọ́la, bí a bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Àgbàdo Bàbá ẹlẹ́yẹlé ṣì wà nílẹ̀. Amparo yóò tún un ṣe láti àárọ̀, ní ìrọ̀rùn. Kò sí ibi tó ń lọ. Ilé ló máa ń wà ní gbogbo ọjọ́."

"Ìyẹn dára!" ni Màmá Hortensia wí. "Lọ́la inú rẹ̀ á ti rọ̀."

Baltazar ní òun yóò mú ọtí wá. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ aago tí wọn yóò dé. Rocío gbé sọ́sééjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo, ó sì wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Amparo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú irin Leipzig yóò gbéra kí ojúmọ́ tó mọ́. Ó wo Ulises bóyá yóò rántí. Ó fún un ní àkókò láti rántí. Ó dúró, ó ń wo ojú rẹ̀, ó rí i bó ṣe ń dáhùn ìbéèrè Baltazar nípa irú ọtí tó dára jù. Nígbà náà ni ojú wọn pàdé, ó sì rí i pé ọkọ òun rántí. Ó ti rántí kí ó tó lanu. Ó rò ó wò ní ọkàn rẹ̀, ìdánwò ní ọwọ́ kan, ojú Baltazar ní ọwọ́ kejì, ó sì mú èyí tó wù ú.

Amparo fi aṣọ ìnuwọ́ lélẹ̀ lórí àga. Ó rìn kọjá láàrin àwọn àlejò, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó sì dúró síwájú ọkọ rẹ̀.

"Ọmọ mi," Màmá Hortensia bẹ̀rẹ̀, "má bínú…"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, mò ń bínú. Ẹ jẹ́ kí n bínú." Kò gbé ohùn sókè, agbára àtigbé e sókè kò sí. "Ulises, sọ fún wọn ibi tí mò ń lọ láàárọ̀ ọ̀la."

"Amparo, kì í ṣe níbí…"

"Níbí ni. Ibi tí o ti fi mí tọrẹ náà ni. Sọ ibi tí mò ń lọ fún wọn, kí ìyá rẹ gbọ́, kí ọ̀gá rẹ gbọ́. Sọ fún wọn pé mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, kò burú. Lẹ́yìn náà, gba ìlérí tí o fi orúkọ mi ṣe yẹn padà lójú àwọn tí o ṣe é fún, kí o sì fi orúkọ tìrẹ ṣe òmíràn bí ó bá wù ọ́. Mi ò ní kúrò níwájú rẹ. Sọ ọ́, Ulises. Sọ ọ́ báyìí."